Òrìṣà Òkúta Tó Kọ́ Mi Níjó

Iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà ni mò ń ṣe ní Thamesmead, létí ìlú London. Ìyá ará Íńdíà kan wà lára àwọn tí mò ń tọ́jú. Mummy ni mo máa ń pè wọ́n. Olùkọ́ ijó ni wọ́n nígbà tí ẹsẹ̀ wọn ṣì lágbára. Ní báyìí, orí kẹ̀kẹ́ ni mo ti ń tì wọ́n káàkiri.

Nígbà tí ọjọ́ ìbí wọn ń bọ̀, mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́. Wọn ò fẹ́ kéèkì. Wọ́n ní kí n gbé àwọn lọ wo òrìṣà ilẹ̀ wọn kan tí wọ́n fi òkúta gbẹ́, tó wà ní mùsíọ́mù láàárín ìlú London.

Èmi ọmọ Pẹ́ńtíkọ́sì, níwájú òrìṣà? Nígbà tí a wọ tíréènì ní Woolwich, mo gbàdúrà sínú: "Olúwa, wíwò lásán ni o."

Ohun ẹ̀rù ni mo ń retí. Àfi bí mo ṣe rí bọ̀rọ̀kìnní kan tó ní orí erin, ikùn rẹ̀ yọ roboto, ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ó ju ìdí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń jó! Ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn ni wọ́n ti gbẹ́ ẹ. Ọwọ́ rẹ̀ kan ti kán, síbẹ̀ ijó ò kúrò lára rẹ̀. Mi ò mọ ìgbà tí mo bú sẹ́rìn-ín.

"Òun la máa ń júbà ká tó bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun," Mummy sọ. "Ó yá, dúró bíi tiẹ̀."

"Háà, Mummy, mi ò lè bọ òrìṣà o."

"Ta ló ní kó o bọ ọ́? Mo ní kó o jó ni. Ẹsẹ̀ tèmi ò gbà mọ́."

Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo gbé ẹsẹ̀ sókè.

"Tẹ orúnkún! Ju ìdí! Ojú ńkọ́? Ojú náà máa ń jó!"

Ẹsẹ̀ mi yẹ̀, díẹ̀ ló kù kí n ṣubú lu ẹ̀ṣọ́ tó wà níbẹ̀. Mo rò pé yóò lé wa jáde ni. Ṣùgbọ́n ó gba fóònù mi, ó ní kí n tún ijó náà jó, kí òun lè ya fọ́tò. Mummy náà na apá méjèèjì látorí kẹ̀kẹ́, ojú wọn ń tàn bíi ti ọmọge.

Nínú bọ́ọ̀sì tó gbé wa láti Woolwich lọ sílé, wọ́n ṣì ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi ojú jó. Ọkùnrin kan tó kọjú sí wa rò pé òun ni mò ń ṣẹ́jú sí. Ó rọra dìde, ó lọ jókòó sí àjà òkè bọ́ọ̀sì náà. Mummy rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn.