Tíṣà Ìjọba àti Àga Ẹ̀bá Fèrèsé

Obìnrin kan wà tó ga tẹ́ẹ́rẹ́, tí ìyẹ̀fun ṣọ́ọ̀kì kì í kúrò ní ìka rẹ̀. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ló sọ ọ́ ní Tíṣà Ìjọba, torí bí wọ́n ṣe ń ṣèjọba káàkiri ayé ló ń kọ́ wọn. Ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ débi pé ó kọ́ òbí àwọn mìíràn nínú wọn. Kò bímọ, òun àti ọkọ rẹ̀, tó ń tún aago ṣe, ni wọ́n jọ ń gbé.

Ẹnu rẹ̀ dùn. Á ní, "Ilẹ̀ kan wà, ọba wà lórí oyè, àmọ́ àwọn tí aráàlú dìbò yàn ló ń pàṣẹ, ti ọba ò ju kó dé adé lọ. Níbòmíràn, ohun tí ọba bá ti wí, abẹ gé e. Ní ilẹ̀ kan, ológun gbàjọba, wọ́n ní àwọn ò ní pẹ́. Irun wọn ti funfun síbẹ̀. Òmíràn, ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ló wà: ẹ dìbò títí ọwọ́ yín á fi bó, ẹnì kan náà lẹ ó yàn."

Ẹ̀rín á sọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọmọ télọ̀, ọmọbìnrin tó máa ń jókòó lẹ́bàá fèrèsé, nawọ́ sókè. "Mà, èwo ni tiwa nínú ẹ̀?"

Tíṣà kọ́kọ́ wo ẹnu ọ̀nà. "Nínú ìwé òfin, tiwa-n-tiwa ni. Àmọ́ ẹ má wo ìwé òfin. Ẹ wò ó bóyá ẹ lè sọ ẹni tó wà lókè kalẹ̀ láìta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀."

"A ò lè sọ tiwa kalẹ̀ nìyẹn, mà."

Lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ọkùnrin kan tó wọ aṣọ aláwọ̀ eérú wọlé, ó jókòó sẹ́yìn kíláàsì. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ní alábẹ̀wò ni, síbẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ò lè wojú onítọ̀hún. Ó fa Tíṣà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra. Ẹyin lọ̀rọ̀."

Ọjọ́ Ajé dé, ọmọ télọ̀ ò wá. Kì í kúkú ṣe pé àga rẹ̀ ṣófo. Wọ́n ti gbé àga náà kúrò, wọ́n sún àwọn tó kù mọ́ra, àfi bí ẹni pé wọn ò bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí. Tíṣà pe orúkọ rẹ̀. Gbogbo ọmọ tẹjú mọ́lẹ̀.

Nígbà tó ṣíwọ́, ó gba ìsọ̀ télọ̀ lọ. Ilẹ̀kùn ṣí gbayawu. Ṣòkòtò kan wà lábẹ́ abẹ́rẹ́ máṣìn, wọ́n ti rán ẹsẹ̀ kan, èkejì ṣì ń fì. Ọkùnrin tó ń rán bàtà níwájú ìsọ̀ ò gbójú sókè. "Ta lẹ ń wá? Kò sí télọ̀ ládùúgbò yìí o."

Ẹ̀rù ba Tíṣà, àmọ́ inú tó bí i ju ẹ̀rù lọ. Nígbà tílẹ̀ mọ́, níṣojú aláṣọ eérú, ó wọ́ àga kan jáde láti yàrá ìkẹ́rùsí, ó gbé e sẹ́bàá fèrèsé. "Ọmọ wa ló ni ibí."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n rí eyín rẹ̀. Kí aago ìpadàsílé tó lù, mọ́tò kan ti dúró lẹ́nu géètì, wọ́n fi gbé Tíṣà lọ.

Ìgbà òjò bẹ̀rẹ̀, ó sì parí, kí wọ́n tó dá a sílẹ̀. Ó ti rù kan eegun. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ kọ́ni mọ́. Ọkọ rẹ̀ bu oúnjẹ fún un, ó jókòó tì í.

"Ṣé wọ́n nà ọ́?"

"Rárá."

"Kí ni wọ́n wá ń bi ọ́ láti ọjọ́ yìí?"

"Wọn ò bi mí ní nǹkan kan. Àwọn ni wọ́n ń ròyìn mi fún mi." Ó gbé ṣíbí sílẹ̀. "Wọ́n mọ gbogbo ohun tí mo sọ ní kíláàsì, ìyẹn ò yà mí lẹ́nu. Àmọ́ wọ́n tún mọ̀ pé mo ní ìjọba tó burú jù ni èyí tó ń mú èèyàn bẹ̀rù ọmọ ìyá ẹ̀. Ẹ̀yin nìkan ni mo sọ ọ́ fún, olówó orí mi. Orí ibùsùn la wà."

Ọkọ ní, "Ìsọ̀ mi ni wọ́n kọ́kọ́ wá kí wọ́n tó wá sí kíláàsì rẹ. Wọ́n ní tí mo bá ń ròyìn rẹ fún àwọn, àwọn ò ní fọwọ́ kan ẹ̀mí rẹ."

Inú ilé kan náà ni wọ́n ṣì ń gbé. Wọ́n ń kí ara wọn káàárọ̀, wọ́n ń kí ara wọn ó dàárọ̀. Kò sẹ́ni tó tíì gbúròó ọmọ télọ̀. Ọkọ á ní ṣé kí òun gbé omi kaná fún un. Tíṣà á kàn mi orí ni; orí mímì ò ṣeé ròyìn fún ẹnikẹ́ni.