Ìkòkò Ìyálé Wa

Bí mo bá ti gbọ́ ìró yanrìn lára irin, ìyálé ilé wa ní Dásà ni mo máa ń rántí. Bó bá ti se ọbẹ̀ tán nínú ìkòkò irin rẹ̀, á fọ̀ ọ́, á fi òróró ẹ̀pà pa á lára, á sì gbé e padà síná títí yóò fi rú èéfín. Á ní, "Irin tí kò bá mu òróró, ọbẹ̀ ni yóò mu." Obìnrin jẹ́jẹ́ ni. Kì í jà, kì í sì í gbàgbé.

Ìyàwó tó kéré jù nínú agbo ilé yá ìkòkò yìí, ó gbàgbé rẹ̀ sínú òjò lórí àpáta, ó sì dá a padà pẹ̀lú ìpẹtà.

"Ẹ má bínú, ìyálé mi, irin náà ni."

Ìyálé ní kò burú.

Nígbà tí ọmọ ìyàwó yìí fẹ́ gba kòmúnyọ́n àkọ́kọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìyàwó tún wá yá a fún àsè. Ìyálé fi yanrìn ha ìpẹtà náà títí inú ìkòkò fi ń kọ mànà. Mo ní, "Màmá, òróró ńkọ́?"

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ sebẹ̀ ni?"

Ìyàwó wò ó, ó ní ó dán bíi dígí, ó sì gbé e lọ tayọ̀tayọ̀.

Lọ́jọ́ àsè, ọbẹ̀ tòmátì di dúdú, ó ń ta lẹ́nu bí ìṣó. Àwọn ẹbí ìyàwó láti Paouignan tọ́ ọ wò, wọ́n rọra fi ṣíbí lélẹ̀. Ìyàwó ò mọ ibi tí yóò fojú sí. Èmi tí mo ti mọ̀, ẹ̀pà ni mo fi jẹ iyán tèmi. Ìyálé nìkan ló jẹ tirẹ̀ tán, ó wá na àwo.

"Ìyàwó mi, bù sí i. Má bínú, irin náà ni."