Yanrìn Pupa Inú Agolo Mílíìkì

Màmá, kí n tó lè kí yín pé ó dìgbóṣe, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti ń gbé mì láti ọdún tó kọjá. Inú ìwé ìsìnkú yín ni mo wá ń sọ ọ́, níwájú gbogbo ọmọ yín. Yanrìn tí ẹ ní kí n bá yín pa mọ́ kò pé mọ́. Èyí tó wà nínú agolo báyìí, ìdajì rẹ̀ kì í ṣe ti aṣálẹ̀ Dubai. Èmi ni mo fi ìyókù fọ ìkòkò.

Ẹ̀yin ẹbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bínú. Àwọn tó kọ̀wé ṣáájú mi ti yin Màmá bó ṣe yẹ, òótọ́ sì ni gbogbo rẹ̀: Ìyá Ìjọ tí kì í pẹ́ dé ìsìn, abiyamọ tí kò fi ọmọ méje sílẹ̀ fún ìyà, ìyá ọkọ tó fi ogójì ọjọ́ fọ aṣọ ọmọ mi nígbà tí mo bí Fúnmi. Èmi tí mo kéré jù nínú ìyàwó ilé, ilé ìwé girama ni mo kà mọ, mi ò mọ ọ̀rọ̀ ẹ̀yẹ tò. Ohun tí mo rí pẹ̀lú yín ni mo mọ̀, Màmá, kò sì tíì yé mi.

Ẹ rántí ìrìn àjò wa. Ọmọ yín, Bàbá Fúnmi, ń lọ ra aṣọ ní Deira, àdúgbò ọjà ní Dubai, bó ṣe máa ń lọ, ó ní lọ́tẹ̀ yìí kí èmi àti ọmọ bá òun lọ wo ìlú. Kò pe ẹ̀yin. Ẹ̀yin lẹ pe ara yín. Ẹ ní, "Ṣé ilẹ̀ Lárúbáwá ni ẹ ń lọ? Èmi náà ń bọ̀." Ìyá àgbà tí kò kọjá Ìlọrin rí. A rò pé àwàdà ni, títí tí a fi rí báàgì yín lẹ́nu ọ̀nà.

Ohun gbogbo ló ń bà mí lẹ́rù níbẹ̀. Oòrùn ń bà mí lẹ́rù. Ọkọ̀ pákó tó ń gbé èèyàn sọdá omi láàrin Dubai kò ní nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí kì í jẹ́ kí ọmọ já sómi, mo sì di Fúnmi mú títí ó fi ń sunkún. Ẹ gbà á lọ́wọ́ mi, ọmọ ọdún mẹ́ta, ẹ pọ̀n ọ́n, ẹ fi ọ̀já gbá a mọ́ra. "Ìyá Fúnmi, jókòó kí o wo ìran," ẹ ní. "Ẹ̀rù ò mọ odò wẹ̀." Àwọn ará Íńdíà tó wà nínú ọkọ̀ ń wo yín, ẹ̀yin náà ń wò wọ́n padà.

Lọ́jọ́ kẹta a lọ sí Sharjah. A wo ọjà ńlá wọn tí ara ògiri rẹ̀ dúdú bí aró, a sì lọ jókòó sétí omi nírọ̀lẹ́, Fúnmi ń lé ẹyẹ kiri. Ni ládàánì bá pe ìrun. Mo rí i tí ètè yín ń mì. Ẹ ń bá a sọ ọ́, ẹ ò fo ọ̀rọ̀ kan. Ìyá Ìjọ. Mo wojú ọkọ mi, ó wojú mi.

"Kí lẹ ń wò?" ẹ ní. "Bàbá mi ló kọ́ mi kí n tó di ti Jésù."

Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ pé ilé Mùsùlùmí ní Ìwó ni wọ́n ti bí yín. Pé ọmọ ọdún méje lẹ jẹ́ nígbà tí bàbá yín gbéra lọ sí Mẹ́kà. Ó wọ ọkọ̀ akẹ́rù dé Kánò, ó ní òun á fẹsẹ̀ rin ìyókù. Lẹ́tà kan ṣoṣo dé. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ìròyìn, kò sí òkú, kò sí ibojì. Ẹ sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jà. "Mi ò ríbi kúnlẹ̀ kí i rí," ẹ ní. Lẹ́yìn náà lẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wá bàtà yín.

Ọjọ́ kejì rẹ̀ la lọ sí aṣálẹ̀. Awakọ̀ wa, ará Pakísítánì kan, ń gun òkìtì yanrìn, ó ń já bọ́ lódìkejì. Mo ń bì, Fúnmi ń rẹ́rìn-ín. Yanrìn ibẹ̀ pupa bí ẹ̀pà tí a yan. Wọ́n mú ràkúnmí wá kí a gùn ún, ràkúnmí náà kúnlẹ̀ níwájú yín, ẹ yíjú sí mi. "Ẹ wò ó," ẹ ní, "ẹran ilẹ̀ yìí lẹ́kọ̀ọ́ ilé ju ìyàwó òde òní lọ." Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ ò gùn ún.

Lẹ́yìn náà lẹ bọ́ bàtà, ẹ rìn sápá kan, ẹ̀yin náà kúnlẹ̀. A rò pé ó rẹ̀ yín. Ẹ pe ọmọ yín: "Bi ọkùnrin yẹn fún mi, ṣé yanrìn yìí ló lọ kan Mẹ́kà?" Oòrùn ń wọ̀, awakọ̀ ń pè wá, "Yálà, yálà," kí a tètè wọ mọ́tò. Ó ní ọ̀kan náà ni, pé yanrìn ò ní ògiri. Ẹ yọ agolo mílíìkì Fúnmi nínú báàgì mi, ẹ da èyí tó kù sínú ọ̀rá, ẹ bu yanrìn kún un.

Nígbà tí a dé Èkó, ẹ gbé e lé mi lọ́wọ́. "Bá mi pa á mọ́. Ìwọ ni mo fún torí o kì í bèèrè ọ̀rọ̀ jù. Tí àkókò rẹ̀ bá tó, màá sọ." Èmi náà ò sì bèèrè.

Ọdún méjì ló fi wà lórí pẹpẹ ilé ìdáná mi. Lọ́jọ́ kan ìrẹsì jóná mọ́ ìkòkò, àlejò ń bọ̀, onílé ti fi sìmẹ́ńtì bo gbogbo àgbàlá, kò sí yanrìn níbì kankan. Mo wòkè. Mi ò ní purọ́, mo mọ̀ pé tiyín ni. Mo ní yanrìn ni yanrìn. Mo bù ú, mo fi ha ìdí ìkòkò, ó mọ́ roro. Lẹ́yìn náà ni mo rí i pé agolo ti dé ìdajì. Mo lọ síbi tí aládùúgbò wa ti ń kọ́lé, mo bu yanrìn funfun ti bíríkìlà kún un, mo fi igi rò ó pọ̀.

Lásìkò Àjíǹde tó kọjá, ẹ wá kí wa, ẹ ní kí n gbé e wá. Ẹ ṣí i, ẹ fìka kàn án, ẹ wò ó pẹ́. Ẹ ní, "Ó ti ń hu ewú bí èmi." Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ sì dé e padà. Màmá, ṣé ẹ mọ̀ ni? Ṣé àwàdà ni àbí ìbáwí? Mo fẹ́ kúnlẹ̀ jẹ́wọ́, Fúnmi já wọlé, ọ̀rọ̀ bá yà. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ẹ sùn, ẹ ò jí, ẹ ò sì sọ ohun tí ẹ fẹ́ fi yanrìn náà ṣe.

Báyìí, Bàbá Fúnmi ní kí a dà á sínú ibojì yín. Bùọ̀dá wa àgbà ní rárá, Ìwó ni kí a gbé e lọ, kí bàbá yín náà lè ní ibojì. Àǹtí Ìbàdàn ní yanrìn Mẹ́kà kan kò ní í wọ sàréè Ìyá Ìjọ. Wọ́n ń jiyàn lórí ohun tí wọn ò mọ̀ pé mo ti bà jẹ́. Lánàá mo dà á sínú àwo funfun, mo fẹ́ ṣa pupa kúrò nínú funfun bí a ṣe ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà. Kò ṣeé ṣà.

Màmá tó pọn ọmọ mi lórí omi, ẹ sùn re, ẹ sùn láìní ẹrù lórí. Bí ẹ bá ti rí bàbá yín, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n.

Bàbá wa ní Ìwó, àbúrò Màmá, ẹ̀yin nìkan lẹ kù nínú ọmọ bàbá yín. Ìwé yìí á dé ọwọ́ yín ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. Ṣé Màmá sọ fún yín ohun tó fẹ́ fi yanrìn náà ṣe? Èyí tí mo ti dà lú yìí, ṣé ó ṣì lè ṣiṣẹ́? Agolo náà wà nínú báàgì mi. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ Jímọ̀ ni wọ́n máa bo sàréè Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn kó tó dìgbà náà.

Ìyá Fúnmi, ìyàwó yín