Ọmọ Tó Lọ Sinmi ní Ifọ̀

Tí ẹ bá fẹ́ rí ìjà èmi àti àbúrò mi obìnrin, ẹ kàn bi wá pé nínú gbogbo géèmù tá a ti gbá rí, èwo ló dùn jù. Kí ẹ jókòó o, nítorí ọ̀rọ̀ náà kì í tètè tán.

Kì í ṣe géèmù bọ́ọ̀lù ni mò ń sọ. Ìyẹn, ẹnikẹ́ni ló lè gbá a. Géèmù ìrìn àjò là ń pe tiwa nílé: èyí tí akọni kan máa fi ilé bàbá rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú idà kékeré kan báyìí, táá máa kó alábàárìn jọ lójú ọ̀nà, tí wọ́n á máa bá iwin àti ẹranko abàmì jà, tí agbára wọn á máa pọ̀ díẹ̀díẹ̀, títí wọ́n á fi dé ààfin ọba burúkú kan tó fẹ́ pa ayé run. Ó lè gbà yín tó oṣù mẹ́ta. Ẹni tí kò bá ní sùúrù, kó máa gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ lọ.

Àkọ́kọ́ tá a ní bọ́ sí nǹkan bí ọdún 2003, nígbà tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó láti Èkó wá sí Mowe, sínú ilé tí Dádì kò tíì kọ́ tán. Pákó ni wọ́n fi dí fèrèsé pálọ̀. Dádì á ti jáde lọ sí Èkó kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, Mọ́mì á lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ránṣọ, èmi á lọ sí iléèwé. Àbúrò mi ló máa ń ṣẹ́kù sílé. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni, èmi jẹ́ mẹ́rìnlá. Àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ló ń bá a fínra, ọdún yẹn sì le fún un gan-an. Odindi táàmù kan ló fi wà nílé, pẹ̀lú rọ́bà omi gbígbóná lórí orúnkún.

Àbúrò Dádì tó lọ sí òkè òkun ló fi ẹ̀rọ géèmù rẹ̀ sílẹ̀ fún wa. Èmi ni mo lọ ra síídì ìrìn àjò náà lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń pàtẹ lábẹ́ agboòrùn ní Ibafo. Àwòrán ara páálí rẹ̀ wù mí. Ìgbà tí mo délé, tá a tàn án, a rí i pé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, èdè àwọn ará Japan ni wọ́n fi kọ ọ́. Mo padà lọ bá ọkùnrin náà pẹ̀lú ìbínú. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ṣé ìwé lo fẹ́ kà ni àbí géèmù lo fẹ́ gbá?" Kò gbà á padà.

Bí mo ṣe di ògbufọ̀ nìyẹn. Tí ọ̀rọ̀ bá ti jáde lójú tẹlifíṣọ̀n, àbúrò mi á ní, "Bọ̀dá, kí ni wọ́n ń sọ?" Èmi á sì máa túmọ̀ ohun tí mi ò mọ̀. Ọba burúkú yẹn, mo ní ọmọ onílẹ̀ ni, pé ilẹ̀ kan ṣoṣo ló tà fún ẹni mẹ́ta, ìdí tí ayé fi dàrú nìyẹn. Bàbá onírùngbọ̀n tó ń fún wa ní idà, mo ní alága àwọn lánlọ́ọ̀dù ni. Ẹ̀rín á pa àbúrò mi títí táá fi di orúnkún rẹ̀ mú. Mo mọ̀ pé ó mọ̀ pé irọ́ ni púpọ̀ nínú ẹ̀. Àwa méjèèjì la jọ ń gbádùn ẹ̀.

Orúkọ mi ni mo fún akọni. Alábàárìn kẹta jẹ́ ọmọbìnrin kékeré kan tó wọ aṣọ funfun. Kì í lu ẹnikẹ́ni, òun ló ń wo àwọn tó kù sàn. Tí ẹnì kan nínú wa bá ṣubú, òun ló máa gbé e dìde. Géèmù kó lẹ́tà jáde, ti Gẹ̀ẹ́sì náà wà níbẹ̀, pé ká sọ ọ́ lórúkọ, mo bá tẹ orúkọ àbúrò mi síbẹ̀. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó pe Mọ́mì látinú ilé ìdáná pé kí wọ́n wá wò ó. Mọ́mì ní àwọn ń bọ̀, wọn ò wá. Láti ọjọ́ náà ló ti ń ṣe ọ̀gá lé mi lórí. "Ẹ rọra o. Lọ́wọ́ mi ni gbogbo yín wà."

Lẹ́yìn bí oṣù kan, a dé orí afárá kan. Ẹni ibi kan yọ lójijì, ó gún ọmọbìnrin náà. Mo ń tẹ gbogbo ohun tó wà lára páàdì tá a fi ń gbá a, kò gbọ́. Wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀, wọ́n fi aṣọ funfun bò ó láti ẹsẹ̀ dé orí, gbogbo wọn dúró yí i ká. Ọ̀rọ̀ ń jáde, ó ń jáde. Nígbà tó tán, orúkọ àbúrò mi ti kúrò nínú àwọn alábàárìn.

"Bọ̀dá, kí ni wọ́n ń sọ?"

Mo yíjú wò ó. Funfun ojú rẹ̀ ti pọ́n bí epo lọ́sẹ̀ yẹn, ọrùn rẹ̀ ti tín-ín-rín. Mo ní, "Wọ́n ní ó ti rẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní kó lọ sinmi lọ́dọ̀ ìyá àgbà ní Ifọ̀." Ìyá tó bí Mọ́mì ń gbé ní Ifọ̀, ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n mú àbúrò mi lọ lọ́dún tó ṣáájú, ó sì padà wá pẹ̀lú ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó kún. Ìdí tó fi jẹ́ Ifọ̀ ló bọ́ sí mi lẹ́nu nìyẹn.

Ó wo tẹlifíṣọ̀n. Ó ní, "Ìgbà wo ló máa padà?"

"Ká tó dé ààfin ọba burúkú."

"Ó dáa. Tó bá ti dé, èmi náà máa padà sí iléèwé."

Mo ní ó dáa. Lọ́jọ́ kejì mo gba ọ̀dọ̀ ọkùnrin Ibafo lọ, mo bi í pé níbo ni ọmọ yẹn ti ń padà wá. Kò tilẹ̀ wojú mi. Ó ní, "Ìyẹn ti kú. Kì í padà wá. Ìwọ ṣá ti máa gbá a lọ, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí." Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn fún ìgbà pípẹ́ kí n tó wọkọ̀ padà sí Mowe, torí mi ò mọ ohun tí mo máa sọ nílé.

Mo wá pinnu pé mi ò ní dé ààfin. Ojoojúmọ́ ni mò ń kó àwọn akọni wa yí inú igbó kan náà ká, à ń lu àwọn ẹranko kéékèèké tí kò ṣe wá ní nǹkan kan. Mo ní ọ̀nà ààfin ti bàjẹ́, òjò ti wọ́ ọ lọ. Ẹni tó bá ń gbé Mowe á gba ìyẹn gbọ́. Àwọn akọni wa lágbára débi pé ẹranko tó bá rí wa ń sá.

Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé àbúrò mi ti gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú Ọlọ́run. Nílé wa, kò sẹ́ni tó máa jẹun àárọ̀ láìṣe àdúrà, ẹnì kọ̀ọ̀kan ló sì máa dárúkọ ẹni tó fẹ́ ká ràn lọ́wọ́. Lọ́jọ́ kan ó ní ká gbàdúrà fún ọ̀rẹ́ òun kan tí ara rẹ̀ kò yá, tó wà ní Ifọ̀, tó ń jórúkọ mọ́ òun. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà. Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Mo pa ojú mi dé, mo ní àmín.

Mọ́mì mi kì í fi ọ̀rọ̀ àdúrà ṣeré. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé wọn. Wọ́n mú un lọ fún àwọn ìyá ìjọ. Wọ́n gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta fún un, títí di ọ̀sán, pẹ̀lú iṣẹ́ aṣọ rírán. Àárọ̀ lẹ́yìn àárọ̀ ni mo ń gbọ́ tí wọ́n ń kígbe pe orúkọ àbúrò mi, pé ikú kò ní mú ọmọ Ifọ̀ yìí. Bí mo bá rántí, ojú ṣì ń tì mí.

Ní Sátidé kan Mọ́mì ń múra láti lọ kí ìyá wọn. Mo rí báàgì méjì. Ọ̀kan jẹ́ ti ìyá àgbà. Inú ìkejì, wọ́n di ìrẹsì Ọ̀fàdà, mílíìkì agolo méjì, àti gáùn kékeré kan tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn rán. Wọ́n ní, "Ilé ta ni kí n béèrè ní Ifọ̀?"

Àbúrò mi wo ilẹ̀. Ó na ìka sí tẹlifíṣọ̀n. "Inú ibẹ̀ ló wà, mà."

Èmi ni wọ́n kọjú sí. Wọ́n ní, "Ìwọ tó o dàgbà. Mo gbààwẹ̀ fún àwòrán, o sì ń wò mí." Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Wọ́n ní kí n dìde, kí n fi hàn wọ́n. Mo ṣí ibi tá a ti tọ́jú géèmù náà ká tó dé orí afárá, ọmọbìnrin aláṣọ funfun náà sì jáde, orúkọ àbúrò mi lábẹ́ rẹ̀. Mọ́mì sún mọ́ ọn, wọ́n fi ẹnu ka orúkọ náà ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Inú mi ti mọ̀ pé wọ́n máa fọ́ ẹ̀rọ yẹn mọ́lẹ̀. Wọn ò fọ́ ọ. Wọ́n jókòó sórí àga, báàgì ìrẹsì lórí itan wọn. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Ọlọ́run mọ ẹni tí àdúrà yẹn bá." Wọ́n fún àbúrò mi ní gáùn náà. Ó bà á mu rẹ́gí.

Ara rẹ̀ yá díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tó tẹ̀ lé e, ó sì padà sí iléèwé. Kò sọ nǹkan kan nípa àdéhùn wa, èmi náà ò sì rán an létí. Ṣùgbọ́n Mọ́mì kò dẹ́kun. Láàárọ̀, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dárúkọ gbogbo wa tán, tí àbúrò mi sì kẹ́yìn, wọ́n á ní, "Àti èkejì ẹ tó wà ní Ifọ̀." Tí wọ́n bá sì wọlé tí wọ́n rí i pé a tan géèmù àtijọ́ yẹn, wọ́n á bú sẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Ọmọ Ifọ̀ ńkọ́, ṣé ó ti dé?"

Bẹ́ẹ̀ la ṣe wà títí di ọdún 2009. Mo ti ń tún fóònù ṣe ní Ibafo nígbà náà, mo sì ra ẹ̀rọ géèmù tuntun, tòkunbọ̀. Ìrìn àjò tó wà nínú rẹ̀, ẹ má wulẹ̀ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀. Koríko ń mì. Gbogbo èèyàn ló ń fi ẹnu wọn sọ̀rọ̀, lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ìwọ lo máa yan ohun tó o fẹ́ dá wọn lóhùn, ibi tó wù ọ́ lo lè gbà. Mo sọ fún àbúrò mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan pé tuntun ti pa àtijọ́ mọ́lẹ̀ pátápátá. Ó ti di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ẹnu rẹ̀ sì mú.

Ó ní tuntun ò dùn tó. "Wọ́n ń sọ gbogbo nǹkan. Kí lèmi fẹ́ wá rò níbẹ̀? Àtijọ́, èmi àti ẹ̀yin la jọ ṣe é."

Mo ní orí ẹ̀ ló ń ṣe é, pé àwọn èèyàn àtijọ́ kò ní imú, pé igi wọn rí bí páálí. Kò gbà. Inú bí mi. Mo bá ní, "Ó kéré tán, nínú tuntun yìí, kò sí bọ̀dá kankan táá máa parọ́ fún ẹ."

Ó fa páàdì sọ́dọ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Bọ̀dá, mo mọ̀ lọ́jọ́ yẹn."

"O mọ kí ni?"

"Pé ó kú. Wọ́n fi aṣọ bò ó lójú. Mo ti sùn ní wọ́ọ̀dù ọsibítù tó nígbà yẹn, ẹ jọ̀ọ́. Mo mọ ẹni tí wọ́n ń bò lójú."

Mo ní kí ló dé tó wá gbé e wá sí àdúrà, tó jẹ́ kí Mọ́mì gbààwẹ̀. Ó ń fi okùn páàdì wé ìka rẹ̀. Ó ní, "Orúkọ mi ló ń jẹ́. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ ṣì máa máa pè é tí kò bá padà wá. Mo fẹ́ mọ bó ṣe máa pẹ́ tó."

Ẹkún gbọ̀n mí, mi ò fi bò fún yín. Ọdún mẹ́fà gbáko ni mo fi yí igbó ká nítorí kó má baà mọ̀, òun sì jókòó tì mí, ó ń wò mí.

Òun ló dìde lọ gbé ẹ̀rọ àtijọ́ jáde lábẹ́ tábìlì. Ó ní ká lọ parí ẹ̀. A dé ààfin. Ọmọ onílẹ̀ tí mo ti ń sá fún ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta la lù ú, ó ṣubú. Àbúrò mi ní, "Ṣé òun náà nìyẹn?" A bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

Ibi tá a ti ń rẹ́rìn-ín ni Mọ́mì wọlé, téèpù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn wọn. Wọ́n rí ohun tó wà lójú tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n ní, "Ọmọ Ifọ̀ ńkọ́, ṣé ó ti dé?"

Àbúrò mi ní, "Ó ti kú, mà. Ó ti pẹ́."

Mọ́mì bọ́ téèpù náà lọ́rùn, wọ́n rọra ká a. Wọ́n ní, "Mo mọ̀ láti ọjọ́ tó fi hàn mí. Ẹ̀gbọ́n ẹ kò mọ irọ́ pa." Wọ́n wá ní, "Ìyẹn ò ní kí n yọ orúkọ ẹ̀ kúrò." Wọ́n sì bi wá bóyá a ti jẹun.