Màmá Ìdóàní Ló Bá Bàbá Mi Dáhùn

Lónìí, ọkùnrin kan kọ ọ́ sílẹ̀ níwájú mi pé inú bàbá mi ń dùn.

Ilé ìwòsàn kan l'Ọ́wọ̀ ni mo mú wọn lọ nítorí àìsàn ọkàn. Ọkùnrin náà, olùwádìí kan tó mú ìwé ìbéèrè dání, ń ṣèwádìí bóyá ìrẹ̀wẹ̀sì ń bá irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ jà. Láti ìgbà tí dókítà ti ní kí bàbá mi má lọ sóko mọ́, wọn kì í sùn. Ṣùgbọ́n Màmá Ìdóàní, ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, bá wa wá.

"Bàbá, ṣé ẹ ń rí oorun sùn?"

Màmá ní, "Ó ń sùn. A dúpẹ́."

"Ṣé ayé máa ń sú yín?"

"Kò ní sú u, lórúkọ Jésù."

Ọkùnrin náà fàmì sí "Rárá."

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé Màmá ló ń ṣàìsàn ni?"

Màmá ní, "Ìwọ tó o lọ sí póli, ṣé o fẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ pé orí bàbá rẹ ti dàrú ni?"

Ọkùnrin náà ní èèyàn ṣì pọ̀ lórí ìlà. Ó na bírò sí bàbá mi kí wọ́n fọwọ́ sí i. Ìyẹn nìkan ni Màmá kò bá wọn ṣe.

Ọ̀rọ̀ náà kó mi nírìíra.

Nígbà tí Màmá lọ ra omi, bàbá mi rọra bi mí pé, "Ẹni tó béèrè oorun yẹn, ṣé kò ní padà wá?"

Nílé tiyín, ta ló ń dáhùn fún aláìsàn? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, ṣùgbọ́n kí aláìsàn fúnra rẹ̀ kọ ọ́.