Fìdáù Tí N Kò Pe Ẹnikẹ́ni Sí

Ọ̀gá wa ní ilé-iṣẹ́ tí mò ń bá ta ọṣẹ olómi ló ní kí á yéé dá rìn káàkiri àdúgbò. "Ẹ wọ ẹgbẹ́. Ẹni tó bá mọ̀ yín ni yóò ra ọjà yín." Bí mo ṣe wọ ẹgbẹ́ àsáláátù kan ní Ìfọ́n nìyẹn, tèmi tọmọ ẹ̀yìn mi. Ọkọ mi kì í ṣe ọmọ ìlú náà. Iṣẹ́ ló gbé wa débẹ̀, iṣẹ́ náà ló tún gbé e lọ sí Ìbàdàn, ó wá ku èmi àti ọmọ.

Ní Sọ́ńdè àkọ́kọ́, mo kúnlẹ̀ kí Ìyá Àdínì, olórí wa.

"Ọmọ ibo ni ọ́, ìyàwó?"

"Òṣogbo la ti wá, mà."

Kì í kúkú ṣe irọ́. Òṣogbo la ti kó ẹrù wá. Ṣùgbọ́n Ìlobù ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ni bàbá mi ń gbé, ọ̀kadà kan ló máa gbéèyàn débẹ̀. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí Ìfọ́n àti Ìlobù ń bá ara wọn jà lé lórí ni mo rò. Mo ní n kò ní tìtorí ilẹ̀ tí kì í ṣe tèmi pàdánù oníbàárà.

Ó sì ṣiṣẹ́. N kì í kọ́kọ́ dárúkọ ọjà. Màá bá wọn gbálẹ̀, màá béèrè ẹsẹ̀ tó ń dun ìyá yìí, màá béèrè ìdánwò ọmọ ìyá yẹn. Nígbà tó yá, nọ́ọ̀sì kan ń pè mí, alágbàfọ̀ ń pè mí, ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa tó ń se oúnjẹ fún ilé-ìwé ń pè mí. Òun ló máa ń sọ pé, "Ìyá Ọlọ́ṣẹ, o ti sọ mí di ẹni tó ń fọ abọ́ tí kò dọ̀tí!"

Lẹ́yìn náà ni bàbá mi kú.

Bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ ẹnì kan nínú wa, gbogbo wa là ń bá a lọ sí fìdáù ọjọ́ kẹjọ. Mo ti bá ẹni méjì lọ. Ní Ìlobù lọ́jọ́ fìdáù bàbá mi, ẹgbẹ́ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kún abẹ́ àtíbàbà. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀ sí mi létí.

"Àwọn tìrẹ dà?"

"Wọn ò ráyè."

"Gbogbo wọn?"

Mo fi ọmú sí ọmọ lẹ́nu, mo wolẹ̀. Àfi bí fóònù mi ṣe dún. Ìyá olóúnjẹ ni, ó fẹ́ kẹ́ẹ̀gì méjì.

"Ariwo kí ni mò ń gbọ́ yẹn?"

"Wọ́n ń ṣe nǹkan ládùúgbò ni, mà." Bàbá mi ni mo pè ní nǹkan.

Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, mo jẹ́wọ́ fún Ìyá Àdínì pé ọmọ Ìlobù ni mí, àti pé bàbá mi ti kú, a sì ti ṣe fìdáù rẹ̀.

"Èmi ì bá wá," ó ní. "Àwọn yòókù, n ò lè bá wọn búra. Ṣùgbọ́n o ò pè wá wò."

Ó sọ ọ́ fún gbogbo ilé. Àwọn kan kí mi kú aráfẹ́rakù, àwọn kan ń wo ibòmíràn. Ìyá olóúnjẹ wá bá mi níbi tí mo jókòó sí.

"Ọjọ́ tí mo pè ọ́ yẹn, ibẹ̀ lo wà?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Mo sì ń sọ̀rọ̀ ọṣẹ fún ọ."

Mo fẹ́ kó jókòó tì mí díẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ àdúà ìparí, ó sì padà sí àyè rẹ̀.