Àlọ́ tí Mo Pè Lọ́sàn-án Gangan

Ẹ fẹ́ pè mí ní òpùrọ́? Ó yá, ẹ pè mí. Ṣùgbọ́n ìyá mi ṣì wà láàyè, mi ò sì lè fi orí ìyá mi purọ́ láéláé. Ohun tí ojú mi rí, tí etí mi gbọ́, ni mo fẹ́ sọ.

Tíṣà ni mí, ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan lẹ́bàá Òkìtìpupa. Mo ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún, àmọ́ ìwé ọmọdé ni mo fẹ́ràn jù láyé. Ìwé àlọ́ tó ní àwòrán, fíìmù àtijọ́ tí ẹranko ti ń sọ̀rọ̀, ẹ ṣáà gbé e wá. Ọkọ mi á ní, "Ìyá àgbà, ṣé wọ́n ti gbé ẹ wọ kíláàsì kejì?" Mo máa ń ní kó fi mí sílẹ̀, kí n jayé orí mi.

Nígbà ọlidé gígùn tó kọjá yìí, ikán wọ yàrá tí a ń kó ìwé sí, ọ̀gá wa sì ní kí n lọ ṣa àwọn tó ṣì dára. Èmi nìkan ni mo wà nínú ọgbà. Oòrùn mú ganrínganrín.

Abẹ́ páálí kan ni mo ti rí i. Ìwé àlọ́ tí mo kà nígbà tí èmi fúnra mi wà ní kíláàsì kẹta! Èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti já, ṣùgbọ́n àwòrán ọmọbìnrin tó dúró létí odò, tó ń pe ìyá rẹ̀, ṣì wà níbẹ̀. Inú mi dùn dé ibi tí omi fi lé sí mi lójú.

Ẹ gbọ́ o. Gbogbo wa la mọ̀ pé a kì í pa àlọ́ lọ́sàn-án. Ẹni tó bá pa á, ẹ̀mí ìyá rẹ̀ ló ń fi ta tẹ́tẹ́. Lóòótọ́, àwa tíṣà ń ka àlọ́ fún àwọn ọmọ ní kíláàsì, ṣùgbọ́n a kì í pe "Ààlọ́ o." "Ẹ ṣí ìwé yín" la máa ń sọ, a ó sì wọ inú ìtàn lọ. Bí àwọn tó ṣáájú wa lẹ́nu iṣẹ́ ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Lọ́jọ́ yẹn, ayọ̀ gbà mí lọ́kàn. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo sì ké e sókè: "Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀."

Ohùn àwọn ọmọdé ni, jẹ́jẹ́ ni wọ́n sì sọ ọ́. Mo rò pé àwọn ọmọ tó máa ń wá gbá bọ́ọ̀lù lórí pápá ni wọ́n ń bá mi ṣeré lẹ́yìn fèrèsé. Mo rẹ́rìn-ín, mo sì ń kà á lọ. Nígbà tí mo dé ibi orin, mo dá a: "Odò ti kún o."

Wọ́n gbè é: "Iye, dúró dè mí."

Iye ni àwa ọmọ Ìkálẹ̀ ń pe ìyá. "Ìyá" ló wà nínú ìwé. Mo bá yọjú lójú fèrèsé. Ẹ gbà mí gbọ́, òjò rọ̀ láàárọ̀, ilẹ̀ pápá ṣì rọ̀, kò sì sí ojú ẹsẹ̀ kankan níbẹ̀ àfi tèmi.

Wọ́n tún gbè é. Mi ò sì tíì dá orin o! Àárín àwọn ìwé tó wà lẹ́yìn mi ni ohùn náà ti wá.

Mo pa ìwé náà dé. Ọ̀kan nínú wọn bá sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ sí mi létí: "Tíṣà, ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Iye ti ń múra."

Yéè! Mo sá jáde láìmú báàgì. Fóònù wà lápò mi, mo bá pe ìyá mi ní Ìrẹ̀lẹ̀.

"Iye, níbo lẹ wà?"

"Mo ń wọ sùtánà," ló wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ dé. Wọ́n ní ìwọ lo rán wọn wá mú mi lọ sí etí odò."

Ọjọ́ Túsìdeè ni, ìjọ wa ò ní ìsìn kankan.

"Iye, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó! Ẹ má bá wọn lọ!"

Ó ti pa fóònù.

Bí ọ̀kadà ṣe gbé mi dé Ìrẹ̀lẹ̀, mi ò lè sọ. Ẹnu ọ̀nà ni mo bá ìyá mi, aṣọ funfun wà lọ́rùn rẹ̀, ẹsẹ̀ lásán ló wà. Ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀. Obìnrin tí kò lè dá rìn kọjá ẹnu ilẹ̀kùn láti ọdún méjì!

Mo gbé e wá sọ́dọ̀ mi. Wòlíì ìjọ wa gbàdúrà fún ọjọ́ méje, ó wá ní kí n ka àlọ́ náà parí, kí àwọn tí mo pè lè rí ọ̀nà lọ. Mi ò sọ fún un pé mo mọ bó ṣe parí. Ìyá inú ìwé náà ò dúró. Ó wọ odò lọ. Ṣé ẹnu mi yìí ni mo fẹ́ fi kà á?

Mi ò kà á. Ẹ̀rù ń bà mí, mo sì ń dá ara mi lẹ́bi lójoojúmọ́. Bí ọ̀sán bá ti ń pọ́n, Iye á dìde jókòó, á máa tẹ́tí sí ohun tí èmi ò gbọ́ mọ́. Lánàá, ó di ọwọ́ mi mú, omi wà lójú rẹ̀. "Jẹ́ kí n lọ, ọmọ mi. Àwọn ọmọ náà ń sunkún, kò sẹ́ni tó ń rẹ̀ wọ́n lẹ́kún."

Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ fẹ́ràn ìwé ọmọdé bíi tèmi, ẹ máa kà á, ó dùn. Ṣùgbọ́n tí oòrùn bá wà lókè, tí ìyá yín sì wà láyé, ẹ má ṣe pe "Ààlọ́ o" nínú yàrá tó ṣófo.

Aago mọ́kànlá ti lù. Ẹ jẹ́ kí n lọ di Iye mú.